Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀ Ọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Àpótí Onírin Ọlọ́nà Àtijọ́ ti Ilẹ̀ Japáànù

 

Àpótí mẹ́ta ni mo tò sórí tábìlì yìí. Mo ti bẹ àwọn tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn kí wọ́n gbé iná sún mọ́ ọn, nítorí ojú ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òní. Kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú wọn. Ilẹ̀ Japáànù ni wọ́n ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀kan jẹ́ ọjà tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn ará òkèèrè. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni òun náà, kí a tó pa á. Mo ní a pa á, mo sì mọ ohun tí mo ń wí.

Èyí tí a pa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé sókè kí ẹ rí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló rà á ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjà àlòkù òwúrọ̀ Sátidé. Nígbà tó gbé e délé, dúdú ni ọmọrí rẹ̀. Dúdú náà kì í ṣe ti èédú o. Ó ní àwọ̀ aró nínú, bíi ti ìyẹ́ ẹyẹ ìwò nígbà tí oòrùn bá tàn sí i. Ewé wúrà mẹ́ta ló wà lórí dúdú yẹn, bí ìgbà tí ewé bá já sójú odò lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan nínú ilé wò ó, ó ní idẹ yìí mà ti dọ̀tí o. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó bu eérú, ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi dé, àpótí ti pọ́n bíi wáyà iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ewé wúrà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò ti gbẹ lábẹ́ wọn.

N kò dá ẹni náà lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nílẹ̀ Yorùbá, idẹ tó ń dán ni idẹ tí a tọ́jú. Ẹni tó bá ti wo ọwọ́ àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun rí mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀gbà idẹ wọn mọ́ tó. Àṣà tó dára ni, fún idẹ tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni yẹn pè ní ìdọ̀tí lára àpótí Japáànù, òun gan-an ni oníṣẹ́ ọnà lọ́hùn-ún fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá. A ha á kúrò, a dà á nù pẹ̀lú èèpo ọsàn.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí bí a ṣe ń dá àwọn àpótí wọ̀nyí mọ̀ fi máa ń gbọ́ ìdáhùn kan náà lẹ́nu mi: wo àwọ̀ ara rẹ̀ ná. Orúkọ tí wọ́n fín sábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ irọ́. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ ju ìwọ lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í tètè purọ́ fún ẹni tó bá mọ ibi tó ti wá.

Ìkòkò kan, àwọ̀ mẹ́rin

Níbo ló ti wá? Kì í ṣe ọ̀dà, kì í ṣe fáníìṣì. Nínú irin fúnra rẹ̀ ló ti jáde.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Japáànù máa ń yọ́ bàbà, wọn á fi wúrà díẹ̀ sí i, bí ìdá méjì títí dé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àdàlù yìí ni wọ́n ń pè ní shakudō. Bí ó bá ti inú iná jáde, bàbà lásán ló jọ lójú; ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n fi wúrà ṣòfò. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní shibuichi. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìdá kan nínú mẹ́rin, torí pé fàdákà jẹ́ ìdá kan, bàbà jẹ́ ìdá mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Òun náà, bí ó bá jáde nínú iná, bàbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀ ni ẹ ó pè é.

Ibi tí ìyanu wà nìyí. Tí oníṣẹ́ ọnà bá ti parí fínfín àti títò, tó ti fi bàbà, shakudō, shibuichi àti wúrà sí ojú àpótí kan ṣoṣo, yóò fọ̀ ọ́ títí kò fi ní sí òróró ìka kankan lára rẹ̀. Gbòǹgbò funfun ńlá kan wà tí àwọn ará Japáànù ń jẹ, daikon lorúkọ rẹ̀. Yóò rin ín, yóò fi omi rẹ̀ pa àpótí náà lára. Lẹ́yìn náà ni yóò rì í sínú omi gbígbóná tí ó ti po oògùn sí. Inú bàbà kan náà ni oògùn yìí ti ń wá: èyí àkọ́kọ́ ni rokushō, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewéko tó máa ń hù sára bàbà tí ọtí kíkan bá kàn, èkejì ni iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ń pò fún àrùn dúdú ara kòkó. Yóò máa yí i nínú omi náà, yóò máa yọ ọ́ wò, yóò máa dá a padà.

Nínú ìkòkò kan náà, omi kan náà, wákàtí kan náà, bàbà á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí èso obì. Shibuichi á di eérú, bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́. Shakudō á di dúdú aláró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wúrà kò ní yí padà rárá. Ẹ wá rò ó wò: ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn fi ń fi òòlù kékeré gbá wọn wọnú ara wọn, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Inú orí rẹ̀ ni àwọ̀ wà. Ó ń yàwòrán pẹ̀lú àwọ̀ tí kò tíì sí.

Àwọ̀ náà fẹ́lẹ́ gan-an. Ìpele tín-ín-rín lásán ló jẹ́ lórí irin, wúrà inú shakudō ló sì mú kó dúdú bẹ́ẹ̀. Ó lè wà fún igba ọdún bí a kò bá fi ọwọ́ líle kàn án. Omi ọsàn àti eérú yóò pa á rẹ́ láàárín òwúrọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí tó pé sójú iná.

Shibuichi ni ara rẹ̀, ẹ ti rí i pé àwọ̀ eérú ni. Ìdajì òṣùpá kan yọ ní igun òkè, fàdákà ni. Ìrẹsì tẹ orí ba láti ọwọ́ òsì wá, wúrà ni pòròpórò rẹ̀, wúrà ni hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe wúrà kan náà: hóró pọ́n ju pòròpórò lọ. Ológoṣẹ́ méjì ń fò bọ̀ wá síbẹ̀. Orí wọn jẹ́ bàbà rẹ́súrẹ́sú. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ológoṣẹ́ ti Japáànù ní àmì dúdú kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, oníṣẹ́ ọnà sì ti fi ẹ̀kán shakudō tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sí i. Ó lè fi í sílẹ̀. Ta ni ìbá mọ̀? Ọdún mélòó kan ni mo ti ní àpótí yìí kí n tó rí i, ọjọ́ tí mo rí i ni mo tó gbà pé ẹni tó ṣe é ti jókòó wo ẹyẹ rí.

Ẹ fi ìka kàn án, ẹ óò rí i pé ẹyẹ yọ sókè díẹ̀ kúrò lójú àpótí. Taka-zōgan ni wọ́n ń pe irú èyí, ìyẹn títò tó yọ sókè. Òṣùpá ní tirẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ pẹ̀lú ilẹ̀; ìka kò ní mọ ibi tí fàdákà ti bẹ̀rẹ̀. Hira-zōgan nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn o. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n fẹ ihò náà nísàlẹ̀ ju òkè lọ, wọ́n wá gbá fàdákà wọ inú rẹ̀ títí ó fi há síbẹ̀. Ewé ìrẹsì tó wà lẹ́yìn, tí kò ní wúrà, irin ìfín ni wọ́n fi fà á. Ibì kan jìn, ibì kan fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ayàwòrán bá fi búrọ́ọ̀ṣì fa tàdáwà sórí bébà. Katakiri-bori lorúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣi ọwọ́ níbẹ̀ kò lè pa á rẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọrí lé e. Ẹ má tì í. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ló ń wá ọ̀nà jáde, kò sì rí ọ̀nà púpọ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá wà ní ibi gbàǹjo, ohun kejì tí mo máa ń dán wò nìyí lẹ́yìn àwọ̀. Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ ṣe ojú àpótí, á fi ara balẹ̀ ṣe ẹnu rẹ̀.

Kò sí orúkọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Idà tó di àpótí

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n dé yìí? Àpótí kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Idà ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn jagunjagun tí à ń pè ní samurai ló ń gbé idà ní Japáànù, idà sì ni ẹ̀rí ipò ẹni. Alágbẹ̀dẹ kan ló ń rọ ojú idà. Àwọn mìíràn pátápátá ló ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀: irin pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ọwọ́ láàárín èkù àti ojú idà, tí wọ́n ń pè ní tsuba, òrùka ẹnu èkù, ère kéékèèké tí wọ́n há sábẹ́ okùn tí wọ́n fi wé èkù. Ìdílé Gotō, tí Gotō Yūjō tó gbé ayé láti 1440 sí 1512 dá sílẹ̀, ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn ìjòyè ogun láti ìran dé ìran. Wúrà lórí shakudō ni iṣẹ́ wọn, ilẹ̀ shakudō náà á sì kún fún àmì róbótó tíntìntín bí ẹyin ẹja. Nanako ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ẹlẹ́yin ẹja yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi irin kékeré gbá a, ẹyọ kan kò tó mìlímítà kan, ìlà sì gbọ́dọ̀ gún. Tí ẹ bá rí nanako lára àpótí, ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Tí ẹyin wọn bá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọwọ́ ló ṣe é. Tí wọ́n bá yọ́ mọ́ra wọn bí àmàlà tó di kókó, inú àdà-ìrọ, ìyẹn ihò tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí kó lè mú àwòrán rẹ̀, ni wọ́n dà á sí.

Ní 1868, ìjọba àwọn shōgun, ìyẹn àwọn olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, wó, agbára padà sọ́wọ́ ọba ńlá Meiji. Ní 1876, àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé idà káàkiri ìgboro mọ́ àfi ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti àwọn ìjòyè lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ àti bàbá-bàbá rẹ̀ ń fi wúrà sára èkù idà. Oníbàárà rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Shōami Katsuyoshi wà nínú wọn. Ìdílé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún olórí Okayama, ọdún 1832 ni wọ́n bí i, nítorí náà ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí àṣẹ náà jáde. Kì í ṣe ọjọ́ orí tí ènìyàn ń kọ́ iṣẹ́ tuntun. Kò sì kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ó mú irin ìfín rẹ̀ kan náà, shakudō kan náà, ó gbé wọn kúrò lára idà lọ sára ìkòkò òdòdó, àwo tùràrí àti àpótí. Kòkòrò àti ẹranko kéékèèké tó máa ń ṣe, ẹ óò rò pé wọ́n máa fò.

Kanō Natsuo, tí wọ́n bí ní 1828, la ọ̀nà tirẹ̀. Oníṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ idà lòun náà. Ìjọba tuntun gbé iṣẹ́ fún un pé kó fín àwòrán owó ẹyọ tuntun ti orílẹ̀-èdè náà. Ní 1890 wọ́n fi í sípò oníṣẹ́ ọnà ààfin, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ọnà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Tokyo. Títí ó fi kú ní 1898, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fín irin ní Tokyo ló ka ara wọn sí ọmọ ilé rẹ̀. Unno Shōmin, tó kú ní 1915, wà lára àwọn tí orúkọ wọn tẹ̀lé tirẹ̀.

Ibi tí àwọn àpótí wọ̀nyí ti wọ ojú ayé ni ibi àfihàn ńlá àwọn orílẹ̀-èdè. Japáànù kó iṣẹ́ ọnà lọ sí Vienna ní 1873, lọ sí Philadelphia ní 1876, lọ sí Paris ní 1878. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà rí wọn, ẹnu yà wọ́n. Ní 1874, ilé-iṣẹ́ kan tí ìjọba ń tì lẹ́yìn, Kiritsu Kōshō Kaisha, bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ó wà títí di 1891. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àpótí tí inú rẹ̀ gba sìgá tàbí káàdì ìbẹ̀wò, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe idà, kò sí ìtakora níbẹ̀. Oníbàárà ló yí padà.

Ẹ̀yà kan tún wà tí ẹ óò máa bá pàdé dáadáa: irin dúdú tí wúrà kún bí aṣọ ọlọ́nà. Kyoto ni ilé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní nunome-zōgan, wọn á fi irin mímú ya ojú irin láti ìbú àti òró títí yóò fi rí bí aṣọ híhun, wọn á wá tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọn á gbá a títí eyín ilẹ̀ náà yóò fi bù ú dání. Komai Otojirō, tó gbé ayé láti 1842 sí 1917, ló sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí lókè òkun. Ó ń ṣe àpótí, àwo, àti kọ́bọ́ọ̀dù kéékèèké tí duroa wọn kò gba ju òrùka lọ. Òòfà yóò lẹ̀ mọ́ irú èyí nítorí irin ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wúrà ti họ díẹ̀ ní igun, ẹ fi gíláàsì wò ó: bí ẹ bá rí ìlà tó dábùú ara wọn nísàlẹ̀, ọwọ́ ló ṣe é. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tó ń ṣí, tàbí tí wúrà náà tẹ́jú bákan náà láti igun dé igun bí ohun tí wọ́n tẹ̀, ẹrù àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni. Ìlú Toledo nílẹ̀ Spéènì náà ń ṣe irú iṣẹ́ tó jọ ọ́, torí náà ẹ máa wo àwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Orúkọ abẹ́ àpótí

Mo ti sọ pé kí a má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé orúkọ kò wúlò. Ó ní gírámà tirẹ̀. Wọ́n á kọ ìlú, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀ tó túmọ̀ sí pé ẹni yìí ló ṣe é, bíi zō, saku tàbí sei. Koku ní tirẹ̀ ń sọ pé ẹni yìí ló fín in. Abẹ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Komai, ohun tí ẹ ó kà níbẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ Japáànù, Komai ará Kyoto ló ṣe é. Bí ẹ bá rí jungin, fàdákà tó mọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe wọlẹ̀: irin ìfín máa ń fi ẹnu mímú sílẹ̀ níbi tó ti wọlé, ó sì máa ń tú ìyẹ̀pẹ̀ irin díẹ̀ síbi tó ti jáde. Orúkọ tó rọ̀, tí etí rẹ̀ yípo bí ọṣẹ tí a ti lò, inú àdà-ìrọ ló ti wá pẹ̀lú àpótí. Orúkọ àwọn ọ̀gá ni àwọn ayédèrú sì fẹ́ràn jù, nítorí òun ló ń mú owó wá. Àpótí ológoṣẹ́ mi kò ní orúkọ, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ àpótí tí mo ti rí orúkọ Natsuo lábẹ́ wọn.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń sọ ọjọ́ orí. Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1890 pé ọjà tó bá ti òkèèrè wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é lára. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 1891. Àwọn ará Japáànù ń kọ NIPPON títí di 1921, tí Amẹ́ríkà ní JAPAN ni kí wọ́n máa kọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àpótí tí kò ní nǹkan kan lára lè má dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló lọ, tàbí pé kò kúrò nílé rí.

Àpótí tó kù lórí tábìlì yìí, èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu, ní MADE IN OCCUPIED JAPAN lábẹ́. Àárín 1947 sí 1952 nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun wọn ṣì ń darí ilẹ̀ náà. Ẹ gbé e lọ́wọ́: ó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ. Òkè Fuji wà lórí ọmọrí, dírágónì wà ní ẹ̀gbẹ́, àrán pupa wà nínú. Ẹ wo igun yìí níbi tí àwọ̀ fàdákà ti họ; irin aláwọ̀ eérú ló wà nísàlẹ̀. Òjé, tánńganran àti antimony ni wọ́n pò, ó ń tètè yọ́, ó sì ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú àdà-ìrọ, ìdí nìyẹn tí dírágónì náà fi hàn ketekete bí ẹni pé wọ́n fín in. Tokyo ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà Meiji. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mú irú èyí wá bá mi pé àtijọ́ àtijọ́ ni, pé samurai ló ni ín. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ilẹ̀ tí ogun fọ́ fi irú rẹ̀ wá owó òkèèrè, ẹni tó ya dírágónì yìí mọ iṣẹ́. Ẹ kàn má fi oúnjẹ tàbí oògùn sínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu, nítorí òjé.

Ní ti bí a ṣe ń gbádùn wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Àwòrán ara wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àkókò inú ọdún ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìrẹsì tó tẹ orí ba pẹ̀lú òṣùpá, ìgbà ìkórè ni, àwọn ará Japáànù tó bá rí i á gbọ́ òtútù ìrọ̀lẹ́ náà. Òdòdó sakura, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ilẹ̀ ń móoru bọ̀. Ewé momiji pupa, ìgbà tí ewé ń já. Ewé wúrà mẹ́ta orí àpótí ẹ̀gbọ́n mi, momiji ni wọ́n. Ibi tó ṣófo lójú àpótí náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ́ra pẹ̀lú ọnà tó kún bámúbámú, a ó sì máa rò pé wọn kò parí iṣẹ́. Wọ́n parí rẹ̀. Ẹ tún àpótí náà yí díẹ̀díẹ̀ nídìí fèrèsé, ẹ má lo iná tó le jù, kí ẹ rí bí eérú shibuichi ṣe ń di aláwọ̀ ewéko níbì kan tó sì ń padà.

Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert, wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ Japáànù sì ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí Baltimore, Walters Art Museum wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹni tó bá dé Kyoto, kó wá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kiyomizu Sannenzaka, iṣẹ́ ìgbà Meiji ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú tó bá ti rí ojúlówó, kì í ṣòro fún un láti tún un mọ̀ lọ́jà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Aṣọ òwú rírọ̀ tó gbẹ, ìyẹn náà ti tó. Kí ọwọ́ má ní òógùn, torí iyọ̀ inú òógùn yóò fi ojú ìka sílẹ̀ lára shakudō, ojú ìka náà kò sì ní lọ mọ́. Tí ẹ bá ní èyí tó jẹ́ irin, ẹ gbé e sí ibi tí ọ̀rinrin òjò wa kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má bàa dógùn-ún. Oògùn ìfọdẹ inú agolo, ẹ jẹ́ kó máa bá ìkòkò òdòdó idẹ yín lọ. Bí àpótí náà bá ní nǹkan kan tó dà bí ìdọ̀tí lójú yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ yóò fi rí i. Mo ti béèrè lọ́dọ̀ ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ ìkòkò rokushō yẹn bóyá a lè dá dúdú ti ẹ̀gbọ́n mi padà. Ó ní àwọ̀ tuntun lè wá. Ó wá fi gíláàsì hàn mí ibi tí eérú ti ha fífín ara ewé wúrà náà tẹ́rẹ́, ó ní ti ìyẹn, kò sí ìkòkò tó lè dá a padà.

 Àwọn àpótí yóò wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ wá wò wọ́n, ẹ gbé wọn lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pọ́n. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa kí ẹ tó wá.